Ẹyẹ Inú Àgò Kò Lè Sọ Pé Ara Òun Kò Yá

  



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Àwọn kan nínú wa ń sin ẹyẹ kékeré kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní budgie. Ìbátan odídẹrẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò tóbi rárá. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 40 lọ. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni orírun rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fò lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́ láti wá omi àti èso koríko. Ní ọdún 1840 ni John Gould kó wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàyè, tí wọ́n sì tàn ká ayé láti ibẹ̀. Lónìí, inú àgò onírin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kú.

Arábìnrin wa kan nínú ẹgbẹ́ ní méjì irú ẹyẹ yìí. Lọ́jọ́ kan ó rí i pé ọ̀kan wú ìyẹ́ sókè, ó ki orí sẹ́yìn, ó sì ń sùn lọ́sàn-án gangan. Ó ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ náà kò ké mọ́. Ó ní bóyá ó ti gbọ́n ni. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ó kírun Àsùbáà tán, ó bá a ní ìsàlẹ̀ àgò, ó ti kú. Bí ó ti gbé e, egungun àyà rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ẹnu yà á, nítorí abọ́ oúnjẹ kún dẹ́nu. Àfi ìgbà tí ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i: èèpo lásán ni! Ẹyẹ yìí a máa bó ọkà kí ó tó jẹ ẹ́, a sì máa fi èèpo sílẹ̀ nínú abọ́. Èyí tí ó lágbára nínú àwọn méjèèjì ni ó ń rí ìwọ̀nba tí ó kù nísàlẹ̀ ṣà jẹ.

Arábìnrin yìí wá bá wa pẹ̀lú omijé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi náà ti di obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀ yẹn?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn mì wá. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn obìnrin náà, èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ó ti ológbò mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Nítorí rẹ̀ ni ó fi wọ iná. Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé ológbò náà wà ní ìta, ì bá wá oúnjẹ ara rẹ̀. Nígbà tí obìnrin yìí ti ti ìlẹ̀kùn, ọrùn rẹ̀ ni oúnjẹ ológbò náà bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ inú àgò. Kò lè lọ já ewé, kò lè yan omi mìíràn, kò lè wá ibi tí oòrùn ti ń ràn. A ti gba òmìnira rẹ̀; ìtọ́jú rẹ̀ sì ti di àmáànà lọ́wọ́ wa.

A dá arábìnrin wa lóhùn pé Ọlọ́hun mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó mọ̀ tí kò bìkítà, àti ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n a tún sọ fún un pé ẹni tí ó ti mọ̀ lónìí kò ní àwáwí lọ́la. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí gbogbo wa lè mọ̀.

Ẹ̀sìn wa kò kọ ẹyẹ sísìn. Abú Umayr, àbúrò Anas ọmọ Málik, ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, Ànábì (S.A.W.) rí ìbànújẹ́ lójú ọmọdé náà, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ béèrè ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i dì mú níbẹ̀ pé a lè sin ẹyẹ, bí a bá ti ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Kí ni ìtọ́jú náà? Wíwò ni ó ṣáájú. Nínú Súúrà An-Naml, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa Ànábì Sulaymán (A.S.) tí ó yẹ àwọn ẹyẹ wò, tí ó sì rí i pé hudhud kò sí láàrin wọn. Ọba ni, ó ní ọmọ ogun nínú ènìyàn àti àlùjànnú, síbẹ̀ ẹyẹ kan ṣoṣo kò pòórá mọ́ ọn lójú. Àwa tí a ní ẹyẹ méjì nínú pálọ̀ ńkọ́? Ràkúnmí kan sì wà nínú ọgbà ará Mọ̀dínà kan, tí ó sunkún nígbà tí ó rí Ànábì wa (S.A.W.). Ó pa á lórí, ó sì bá olówó rẹ̀ wí pé ó ń fi ebi pa á, ó sì ń lò ó ní ìlòkulò. Àwa kò gbọ́ èdè ẹranko, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fún wa ní ojú.

Ìdí pàtàkì kan wà tí a fi gbọ́dọ̀ lo ojú náà. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́. Nínú igbó, èyí tí ó bá ṣàárẹ̀ ni àṣá kọ́kọ́ ń gbé. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn bá fi máa hàn lára rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn àmì náà nìyí:

Èkínní, ìyẹ́ àti oorun. Bí ó bá wú ìyẹ́ sókè fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì ń sùn ní ọ̀sán lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fura. Èyí tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ká ẹsẹ̀ kan sókè bí ó bá ń sinmi.

Èkejì, ìṣesí. Bí ẹyẹ tí ń pariwo bá dákẹ́, tí kò ṣeré mọ́, tàbí tí ó fi igi sílẹ̀ tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, àmì ńlá ni.

Ẹ̀kẹta, èémí. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tàbí tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò fò, kò sí àyè fún ìdúró rárá.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ àti ìgbẹ́. Ẹ tẹ́ bébà funfun sí ìsàlẹ̀ àgò, kí ẹ sì máa wò ó ní àràárọ̀. Ìgbẹ́ tí ó dára dúdú díẹ̀ tàbí ó ní àwọ̀ ewé, funfun wà lára rẹ̀, omi rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá di omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí ó bá dínkù gidigidi, tàbí tí ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ má fojú fò ó.

Ẹ̀karùn-ún, ojú àti àgógó. Ikun imú, ìyẹ́ orí tí èébì ti lẹ̀ pọ̀, tàbí èépá funfun oníhò wẹ́wẹ́ ní àgógó àti ẹ̀gbẹ́ ojú. Kòkòrò tíntìntín ni ó ń fa èépá yìí, dókítà ẹranko sì ní oògùn rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbé ẹyẹ náà kúrò láàrin àwọn yòókù sí ibi tí ó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, ní nǹkan bí ìwọ̀n 27 sí 30 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ntígíréèdì. Ẹ lè tan gílóòbù sí ẹ̀gbẹ́ kan àgò, kí ó lè sún kúrò níbẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Bí kò bá sí iná, ẹ fi aṣọ wé ike omi gbígbóná, kí ẹ gbé e tì í. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹyẹ tí ó kéré báyìí kò lè fara da ebi ọjọ́ kan. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì.

Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ènìyàn. Ẹ má ṣe fi ipá da omi sí i lẹ́nu, kí ó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Píà tí à ń jẹ àti ṣokoléètì, májèlé ni fún un. Èéfín jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn, oògùn tí a ń fín sí kòkòrò, àní tùràrí tí a ń sun ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ yàrá ẹyẹ. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá tọ́jú àgò, nítorí àìsàn ẹyẹ mìíràn wà tí ń ran ènìyàn. Bí ibà àti ikọ́ bá mú yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹyẹ.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Owó dókítà ju owó tí mo fi ra ẹyẹ lọ.” Òtítọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa pé iye tí a ra ẹ̀mí ni iye ẹ̀mí? Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súúrà Al-An'aam, ayah 38, pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹyẹ. Ọkùnrin kan bọ́ sínú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ, Ọlọ́hun sì forí jì í. Kò ná kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a kà sílẹ̀ yìí kò gba owó: fífẹ́ èèpo kúrò nínú abọ́, pípààrọ̀ omi, wíwo bébà ìsàlẹ̀ àgò. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun kò ní lè san owó dókítà, kí ó má ra ẹyẹ. Bí ó bá ti rà á ná, kí ó fi fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àdúà nìkan tó. Ẹ ṣe àdúà, ó dára. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (S.A.W.) kọ́ ọkùnrin onírààkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Bí ẹyẹ bá kú lẹ́yìn tí a ti sa gbogbo agbára wa, ti Ọlọ́hun ni, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni ó padà sí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, arábìnrin wa rí i ní òwúrọ̀ kan pé ìrù ẹyẹ kejì ń mì bí ó ti ń mí. Kò sọ pé bóyá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n fún un ní oògùn, ó sì yè. Nígbà tí a dé ilé wọn kẹ́yìn, ariwo ẹyẹ náà kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa, inú wa sì dùn sí ariwo náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá ń rí àìsàn ẹyẹ tí kò lè sọ̀rọ̀, kò ní ṣòro fún un láti rí ìyá rẹ̀ tí ń fi àárẹ̀ pamọ́, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́la, bí ẹ bá kírun Àsùbáà tán, ẹ lọ fẹ́ èèpo kúrò nínú abọ́ náà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú àánú, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀mí kankan fi wá sùn lọ́dọ̀ Rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéǹde. Àmín. Wa billaahi taofeeq.