Arínúróde àti Aró Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọlọ́run nìkan ni Arínúróde, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ mi fẹ́ bá A du oyè náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ wọn yẹ ní dídáhùn. Kí gan-an lèèyàn mọ̀ nígbà tó bá ní òun mọ inú nǹkan?

Iṣẹ́ mi ni kí n wọn bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe kan tó. Aró tí mò ń lò ni BCECF, tí Roger Tsien àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Cambridge ní 1982. Aró yìí kì í dá gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, a ní láti fi ìbòrí bò ó. Bó bá ti wọlé, ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì á gé ìbòrí náà kúrò, aró á há síbẹ̀, á sì lè tàn. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò lágbára yẹn mọ́. Ẹni tí à ń yẹ inú rẹ̀ wò gan-an ló ń tan fìtílà fún wa, èyí kì í sì í yé yà mí lẹ́nu.

Ìmọ́lẹ̀ búlúù oríṣi méjì la ń tàn sí i. Lábẹ́ ti 490 nánómítà, bí kíkan bá ṣe ń dín kù ni aró á máa tàn sí i. Lábẹ́ ti 440, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. A ó fi èkejì pín àkọ́kọ́, kí iye aró tó wọlé má baà tàn wá jẹ. Síbẹ̀, nọ́ńbà lásán ṣì ni. Kó tó di pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan, a ó da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ nigericin sí sẹ́ẹ̀lì náà nínú omi tí pọtásíọ̀mù rẹ̀ pọ̀ bíi tinú rẹ̀, títí kíkan inú àti tòde yóò fi dọ́gba. Tòde la mọ̀, torí àwa la pò ó. Ìgbà tí inú ò bá yàtọ̀ sí òde mọ́ lọkàn wa tó ń balẹ̀ pé a mọ inú! Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìparí iṣẹ́ la ń ṣe é.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé oyè náà ṣì wà lọ́wọ́ Ẹni tó ni ín. Òun kò fi nǹkan kan sínú wa kó tó mọ̀ wá. Aró tèmi máa ń gba díẹ̀ lára ásíìdì tó lọ wọ̀n, ìmọ́lẹ̀ mi sì lè pa sẹ́ẹ̀lì lára bó bá pẹ́ jù.

Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀ fún Ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Mo rán wọn létí chloroquine, oògùn ibà tó máa ń mú kí ara yún wa nígbà èwe. Ní 1978, Ohkuma àti Poole fi irú aró bẹ́ẹ̀ wọn àpò kékeré tí sẹ́ẹ̀lì eku fi ń da oúnjẹ: pH rẹ̀ tó bíi 4.8, chloroquine sì dín kíkan náà kù. Kòkòrò ibà náà ní àpò kíkan tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni oògùn náà ń kó jọ sí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run mọ̀ bẹ́ẹ̀ látijọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí ibà ń ṣe ni kò mọ̀."