Ọfà Ara Táyà



Àṣìṣe ti ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé Fadá ń bá ẹlòmíràn wí, ó sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́ èṣí, táyà méjèèjì tí ó wà ní iwájú ọkọ̀ mi pá. Mo ra méjì mìíràn, mo sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Igbó-Ọrà níhìn-ín. Òkú kan ń bẹ nílẹ̀ tí a ó sin ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọ wa tí ó wà lóko. Àkókò ń lọ, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ki táyà sára rímù tán, tí wọ́n sì fẹ́ dè wọ́n mọ́ ọkọ̀, ọmọ kékeré kan tí ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Fadá, ọfà wà lára àwọn táyà yìí. Ti ọ̀tún dára, ṣùgbọ́n ti òsì kọjú sí ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a tú u, kí a yí i padà.”

Mo dá a lóhùn pé, “Táyà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọmọ mi. Ṣáà bá mi dè é.” Ọ̀gá rẹ̀ wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dè é, mo sanwó, mo sì bá tèmi lọ.

Oṣù mẹ́ta kọjá, nǹkan kan kò ṣe. Mo lọ sí Ìdèrè, mo lọ sí Lánlátẹ̀, mo dé Abẹ́òkúta, mo sì padà ní àlàáfíà. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí ọmọ náà, ẹ̀rín a pa mí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú ọdún, mo ń lọ láti Igbó-Ọrà sí Èrúwà. Katikíìsì wa jókòó tì mí, àwọn ìyá ìjọ méjì sì wà lẹ́yìn. Ní ibì kan tí ọ̀nà gbé sọ̀ kalẹ̀, omi ti dúró lójú ọ̀dà. Bí a ti wọ inú omi náà, ìtọ́kọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Mo yí i sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò gbọ́. Mo tẹ bíréèkì, kò gbọ́. A kúrò lójú títì, a já sínú oko ẹ̀gẹ́ kan, ibẹ̀ ni ọkọ̀ sì dúró sí.

Ọlọ́run ṣàánú, ẹ̀mí kankan kò lọ. Ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ṣẹ́. Títí di òní olónìí, bí ó bá fẹ́ tẹ́wọ́ gba Ara Olúwa, ọwọ́ òsì ni ó fi ń gbé ọwọ́ ọ̀tún ró. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń rí ọwọ́ náà níwájú mi. N kò sọ pé táyà nìkan ni ó jẹ̀bi, nítorí eré tí mo ń sá nínú òjò náà ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kìlọ̀ fún mi, n kò sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọmọ náà mọ̀ tí èmi kò mọ̀. Àwọn táyà kan wà tí ó jẹ́ pé bí a ti fẹ́ ni a lè dè wọ́n, ọ̀tún ni, òsì ni. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí a gbẹ́ ilà sí ojú wọn bí egungun ẹja, tàbí bí lẹ́tà V tí a tò léra. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ṣe irú wọn láti máa yí sí. Ẹni tí ó ṣe wọ́n ti ya ọfà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì kọ ROTATION sí i, èyí tí í ṣe pé apá ibí ni kí táyà yí sí bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú. Bí a bá dè é bí ó ti yẹ, ṣóńṣó ilà náà ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Yóò la omi láti àárín, yóò tì í jáde sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, rọ́bà yóò sì di ọ̀nà mú. Bí a bá dè é sódì, ẹnu ilà náà ni yóò ṣí sí omi; dípò kí ó lé omi jáde, yóò máa kó o jọ sí àárín. Omi á wọ abẹ́ táyà, ọkọ̀ á léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní àjẹ̀. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, ẹni tí ń wakọ̀ lè máà mọ ìyàtọ̀ rárá.

Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, tí ayé mọ ìlú yín sí ìlú ìbejì, tí ẹ sì ń ṣe àjọ̀dún wọn ní oṣù Kẹwàá, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún yín. Táyà méjì tí ó wà níwájú ọkọ̀ dà bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ojú wọn jọra, iye owó wọn jẹ́ ọ̀kan. Síbẹ̀ ọ̀kan kì í ṣe èkejì. Bí fọkanáísà bá ki méjèèjì sára rímù bákan náà nítorí pé wọ́n jọra, tí ó sì de ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ọfà ọ̀kan yóò kọjú síwájú, ti èkejì yóò kọjú sẹ́yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi, kò sí àbùkù kankan lára táyà náà. Rọ́bà rẹ̀ dára, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé. Ibi tí ó kọjú sí nìkan ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni ohun rere púpọ̀ rí nínú ayé wa.

Ẹ rántí Sọ́ọ̀lù ará Tásù. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aláìmọ̀wé; lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ìtara rẹ̀ fún Ọlọ́run kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ìtara náà kọjú sí ẹ̀yìn. Òun ni àwọn tí ó sọ Stéfánù Mímọ́ lókùúta kó aṣọ wọn tì, òun ni ó sì gba ìwé lọ sí Damásíkù láti de àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Kristi. Ó rò pé òun ń sin Ọlọ́run, àṣé Olúwa náà gan-an ni ó ń ṣe inúnibíni sí.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wo ẹ̀gbẹ́ táyà tirẹ̀. Ìwọ ìyá, ìfẹ́ ọmọ tí ó wà lọ́kàn rẹ dára; ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọ bo olè ọmọ rẹ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ni ó kọjú sí. Ìwọ baba, agídí rẹ lórí ìwà títọ́ dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé ọmọ rẹ kúrò nílé tí kò sì lè padà wá, wo ibi tí ọfà náà ń tọ́ka sí. Ìwọ ọ̀dọ́, Ọlọ́run ni ó fún ọ ní làákàyè tí ó yá bí ti ẹnu abẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi í lu àwọn tí o kò rí rí ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni o dè sódì. Ìwọ oníṣòwò ẹ̀gúsí tí kì í sinmi, iṣẹ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba àyè Mísà Mímọ́ àti àyè oríkì tí o ń kì fún ọmọ rẹ láàárọ̀, ta ni iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún?

Ẹnìkan lè wí pé, “Fadá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan kan kò ṣe mí.” Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà wí fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà ọyẹ́ ni. Olúwa wa sọ nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n kọ́ ilé, ọ̀kan lórí àpáta, ọ̀kan lórí iyanrìn. Kí òjò tó dé, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí yóò dúró. Àwọn baba wa sì ní eji kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ẹ kíyèsí i pé nígbà tí òjò mi dé, èmi nìkan kọ́ ni mo wà nínú ọkọ̀. Ìyá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Nígbà tí ara tù wá díẹ̀, mo padà sí ìsọ̀ fọkanáísà náà. Mo bẹ ọmọ náà pé kí ó má bínú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo rò pé n óò ra táyà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kò ṣe nǹkan kan, pé kí a yí i padà ni ó kù. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wọ́n fi irin yọ ọ́ lára rímù, wọ́n yí i, wọ́n kì í padà, wọ́n sì fún un ní afẹ́fẹ́ tuntun. Kò gbà wọ́n ní ìdajì wákàtí. Ìdajì wákàtí yìí ni mo fẹ́ jẹ lérè nígbà náà lọ́hùn-ún. Táyà kan náà ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi lónìí.

Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ṣe sí Sọ́ọ̀lù. Kò gbé e sọnù, kò sì pa ìtara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ná: fún ọjọ́ mẹ́ta kò ríran, kò jẹun, kò mu omi, ẹni tí ó fẹ́ fa àwọn ẹlòmíràn wọ ẹ̀wọ̀n sì di ẹni tí a ń fà lọ́wọ́ bí ọmọdé. Ní ìta kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀nà Títọ́ ni Ananíà ti rí i, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ṣe Ìwẹ̀nùmọ́ fún un. Ìtara kan náà tí ó gbé e lọ sí Damásíkù ni ó gbé e káàkiri ayé lẹ́yìn náà, títí ó fi kú fún Kristi ní Róòmù. Ọjọ́ 25 oṣù Kínní ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe ìrántí ìyípadà rẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú lọ́dọ̀ wa, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín ní ohun méjì. Èkíní, kí ẹ tó gbọ̀nà Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Bí ọfà bá wà níbẹ̀, ẹ rí i pé ó kọjú síwájú. Bí ẹ bá sì ń pààrọ̀ táyà bẹ́ẹ̀ láìtú u kúrò lára rímù, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò ara wọn, ẹ má gbé ti ọ̀tún sí òsì. Èkejì, ẹ wá síbi Ìjẹ́wọ́. Ó ṣòro fún ènìyàn láti tú afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀ dànù. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, n óò jókòó níbẹ̀ dè yín. Kí n tó jókòó, èmi náà yóò ti lọ jẹ́wọ́ tèmi lọ́dọ̀ Fadá mìíràn.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè yí ọkàn wa sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀, nípa Kristi Olúwa wa. Àmín.