Ǹjẹ́ ó yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ ogun najú?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, a gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Àìsàn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kò ní ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bí a bá tàn án, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò gbóná débi pé a kò ní lè gbé e lé itan. Lẹ́yìn náà yóò máa wọ́ bí ìgbín, títí yóò fi kú lójijì. Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta ló bá a lọ lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti ń tún nǹkan ṣe ní ìlú wa, ìbáà jẹ́ ti alùpùpù, ti rédíò tàbí ti kọ̀ǹpútà, ilé ìgbìmọ̀ ni pẹ̀lú. Àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ wọn yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń wí yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Àwọn sójà ti gba ìjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje. CEDEAO ti fún wọn ní ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó pé jọ ní Abuja ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní wọn múra sílẹ̀, a sì ń gbọ́ pé sójà ti Bẹ̀nẹ̀ yóò wà lára wọn. Bẹ́ǹṣì pín sí méjì. Ẹnìkan ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọn yóò fi wọ Niamey. Òmíràn ní iṣẹ́ Faransé ni gbogbo rẹ̀. Àwa náà dá sí i. A rántí ohun tí a sọ dáadáa: “Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, kí ó parí. Ogun kékeré ló ń lé ogun ńlá lọ.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Inú wa dùn sí gbólóhùn náà bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba máàkì tó ga.

Obìnrin kan jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan lé orókún. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé: “Prof, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ní kí ó wọlé?” Ó wá ṣàlàyé pé sójà ni àbúrò òun, Malanville ló wà, òun ló ni ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ òun, ó ní kí òun bá a tún un ṣe kí òun sì fi í ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀. A tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò dé ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yára bi í léèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, kí ọ̀rọ̀ lè yí padà, ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan kò ti fi wá sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ọmọ, tí kò ní àbúrò, tí kò ní ilé níbi tí ogun wà, ǹjẹ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi ọ̀rọ̀ ogun najú? Ìdáhùn méjì ló rọrùn jù. Èkínní ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa ẹnu mọ́. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ọ̀rọ̀ kì í pa ènìyàn. A kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí a tó mọ ìdí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló sì là wá lójú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ṣe é. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó kọ orúkọ wa sórí bébà, ó sì kọ iye ìṣó onílílọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà sí abẹ́ rẹ̀: mọ́kànlá. Ó tò wọ́n sínú agolo bí wọ́n ti gùn sí, nítorí èyí tó gùn lè gún ohun tó wà nísàlẹ̀ bí a bá dá a padà sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn tó ṣí i, bátìrì ni ó kọ́kọ́ yọ okùn rẹ̀. Ó fi ibi tí àìsàn wà hàn wá. Láàárín abẹ̀bẹ̀ kékeré náà àti àwọn abẹ́ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta ti di àwọ̀n, ó nípọn bí aṣọ òtútù. Abẹ̀bẹ̀ ń yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí a bá ń nu ẹ̀yìn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ìta títí di ọ̀la, kò lè wúlò.

Ó fi igi tín-ín-rín kan di abẹ̀bẹ̀ náà mú kí ó tó fẹ́ ẹ, kí ó má baà sá yí ju agbára rẹ̀ lọ. Ojú tì wá níbẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, a ti gbé ẹ̀rọ mìíràn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fẹ́ táyà, a ní kí ó fi afẹ́fẹ́ ńlá rẹ̀ fọ eruku kúrò. Eruku lọ, abẹ̀bẹ̀ náà lọ, omi àti òróró tó wà nínú okùn afẹ́fẹ́ náà sì wọlé.

Iṣẹ́ tó kù wà lára processeur, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ooru rẹ̀ ń gba inú ọ̀pá bàbà kan lọ. Omi díẹ̀ wà nínú ọ̀pá náà: ní ìhà tó gbóná omi náà di oruku tó ń fò lọ sí ìhà kejì, níbi tí abẹ̀bẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ó ti tutù tó tún di omi, a sì padà. Láàárín ọpọlọ àti bàbà ni wọ́n máa ń fi pâte thermique sí, kí afẹ́fẹ́ má ṣe ráyè síbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru lọ dáadáa. Tiwa ti gbẹ bí ẹfun. Ó fi ọtí ilé-òògùn, èyí tó jẹ́ 90°, nù ún títí ojú bàbà fi ń dán. (Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ti bi wá rí bóyá sodabi lè ṣe é. Rárá o. Omi tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn àlejò.) Ó wá kán tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan. A ní kí ó fi kún un. Ó ní bí ó bá pọ̀ jù, òun gan-an ni yóò di ìdíwọ́.

Kí ó tó ṣí i, ó ti wo ìwọ̀n ooru rẹ̀: ó ti ń sún mọ́ 95°. Nígbà tó dé e tán, ó tún wò ó lójú wa: kò kọjá 65°. Ó tún sọ fún wa pé ẹ̀rọ tó ń wọ́ nígbà tó bá gbóná kò darúgbó. Ó ń dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù ni, kí ó má baà jóná.

A mọ̀ pé ẹ̀yin kan ti ń retí kí a sọ pé kí ènìyàn náà máa dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù bí ẹ̀rọ. A kò ní sọ ọ́. Ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ, ohun tó sì ya wá lẹ́nu kò sí níbẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé nínú yàrá kan náà, ní wákàtí kan náà, irú ọ̀rọ̀ méjì ni ẹnu kan náà ń sọ. Nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ méfò. Wọ́n ń ka iye, wọ́n ń wọn ooru, ẹni tó ṣí nǹkan ni yóò dáhùn fún un. Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ ogun, ẹ̀rí kò sí mọ́, ìwọ̀n kò sí mọ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ti sọ nípa kọ̀ǹpútà wa ohun tí àwa sọ nípa Niger, pé “ẹ jẹ́ kí a ṣí i, kí ó parí”, a ì bá ti gba ẹ̀rọ wa lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1795, Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ Jámánì tí àwọn ọmọ Terminale mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, kọ ìwé kékeré kan lórí àlàáfíà ayérayé. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé níbi tó bá jẹ́ pé àwọn aráàlú ni yóò fọwọ́ sí ogun kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò rò ó dáadáa, nítorí àwọn ni yóò jà, àwọn ni yóò san owó rẹ̀, àwọn náà ni yóò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọba tó ka ìlú sí ohun ìní rẹ̀ kò ní pàdánù nǹkan kan nídìí oúnjẹ rẹ̀ tàbí nínú igbó ọdẹ rẹ̀, nítorí náà ó lè wọ ogun bí ẹni tó ń lọ sóde àríyá. Ọdún púpọ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ nípa àwọn ọba. Lórí bẹ́ǹṣì Ouando ni a ti mọ̀ pé àwa lọ́ba ọjọ́ náà. Oúnjẹ wa kò ní dínkù. Àbúrò obìnrin yẹn ni yóò san án.

Ṣé kí a wá pa ẹnu mọ́ ni? Ní oṣù kejì ọdún 1990, nǹkan bí 500 aṣojú jókòó ní Kùtọ́nù fún ọjọ́ mẹ́wàá, Monseigneur Isidore de Souza sì ni alága wọn. Ìjọba tí ológun gbé kalẹ̀ ní ọdún 1972 ni ẹnu lásán yí padà níbẹ̀, láìyin ìbọn. Níbo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ? Lórí irú àwọn bẹ́ǹṣì yìí náà ni, lábẹ́ igi, nídìí tábìlì àwọn aránṣọ, ní ìgbà tí ó léwu láti sọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún tí a bá ní kí ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ogun, kí ni yóò mọ̀ nígbà tí a bá ní kí ó wá dìbò?

Alábàáṣiṣẹ́ wa kan tó ń kọ́ni ní ìtàn fi kún un pé ìrora kì í ṣe ọgbọ́n. Ó ní bó bá jẹ́ pé àwọn tí ogun kàn nìkan ló lè sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ké pe ẹ̀san. Òótọ́ ni. Nítorí náà kì í ṣe ẹbí tí a ní lójú ogun ló ń fún wa ní ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin ará Kétu ni ó tún ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbèkùn lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tẹ ìlú náà dó lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a ń ṣe ìwádìí fún licence wa, a jókòó ti àwọn àgbà kan nítòsí Àkàbà Ìdènà. A ń retí ìtàn akíkanjú. Orúkọ ni wọ́n ń kà: ìyá ta ni wọ́n mú, agboolé wo ló di ahoro, ta ni kò padà. Wọn kò dákẹ́ nípa ogun. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìṣó sínú agolo.

Ibi tí a dé dúró nìyí. A lè sọ pé kí sójà wọlé, bí a bá ní ìdí. A lè sọ ọ́ lójú arábìnrin sójà náà pàápàá, bí a bá mọ iye àwọn tí yóò lọ, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ẹni tí yóò bójú tó àwọn ọmọ wọn. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ wa ni pé a kò ní sọ ọ́ ká ní a mọ ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Pé a kò mọ̀ ọ́n kì í ṣe àwáwí, nítorí ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà gbogbo.

Ogun tí a rò pé ó jìnnà pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni àwọn nǹkan kéékèèké wà tí wọ́n fi tantale ṣe, èyí tí wọ́n ń yọ láti inú òkúta coltan. Rubaya, ní Nord-Kivu ti Congo, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi pàtàkì tí wọ́n ti ń wà á. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 gbà á ní ọdún 2024, ní oṣù kìíní ọdún 2025 wọ́n gba Goma. A kò lè mọ ibi tí ti ẹ̀rọ wa ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé ogun Congo kò kan òun, a máa ń wo ohun tó wà lórí itan rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n kọlu àwọn sójà wa ní àríwá, ní agbègbè Parc W. Ìjọba kéde pé 54 ló kú. Ní ọ̀sẹ̀ náà a tún gbé ẹ̀rọ wa lọ fún ìtọ́jú, nítorí ọyẹ́ ti kọjá. A béèrè obìnrin yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ó ti wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ láti ọdún 2023, ó sanwó, kò sì padà wá mọ́. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kún, rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ pé, “Bó bá jẹ́ èmi ni ààrẹ…”, ó sì wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ béèrè iye sójà tó wà ní àríwá. A dá a lóhùn pé nǹkan bí 3000 ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti ọdún 2022. Ó ní wọn kò tó, a ní kí ni ó fẹ́ kí wọ́n ṣe, a sì bá a jiyàn títí iná fi lọ.