Kí Ni Ẹ̀jẹ̀ Mọ̀ Nípa Ìtumọ̀?

Ní ọdún 2002, Ghislaine Dehaene-Lambertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Ọmọ ọwọ́ 20, tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ, ni wọ́n tẹ́ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, ní Orsay, lẹ́bàá ìlú Paris. Wọn ò fún wọn lóògùn oorun. Ẹni tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ yẹn rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, nítorí gbàgà-gbàgà ló máa ń dún, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ mira.

Wọ́n gbé ohùn obìnrin kan sí àwọn ọmọ náà létí, tó ń sọ èdè Faransé. Wọ́n tún gbé ohùn kan náà sí wọn létí, àmọ́ wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò, ìparí ti di ìbẹ̀rẹ̀. Kò lọ sókè sí i, kò gùn sí i. Ó kàn ti di ohun tí kò sí ẹnu tó lè sọ ọ́.

Apá òsì ọpọlọ, níbi tí àgbàlagbà ti ń gbọ́ èdè, dáhùn sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó dáhùn sí ọ̀rọ̀ gidi ju èyí tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò lọ. Lára àwọn ọmọ tí kò sùn, iwájú ọpọlọ lọ́wọ́ ọ̀tún náà tún dìde sí ọ̀rọ̀ gidi.

Ọmọ oṣù mẹ́ta ò mọ ohun tí "omi" túmọ̀ sí, kò mọ "wá", kò mọ "lọ". Kí ló wá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe? Ohun tí a gbà tẹ́lẹ̀ ni pé nítorí ìtumọ̀ la ṣe ń tẹ́tí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti tẹ́tí kí ìtumọ̀ kankan tó dé ọwọ́ wọn.

Àwòrán náà ò lè dá wa lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ni irú MRI yìí ń rí: ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn á ya síbẹ̀. Ẹni tó dúró lórí òkè tó ń wo ọ̀nà ọjà ni: ó rí ibi tí ẹlẹ́rù ń lọ, kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà.

Ẹ má sì sọ pé etí ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2000, Laura-Ann Petitto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé lára àgbàlagbà tí wọ́n ti di adití láti kékeré, ibi tí a mọ̀ sí ti ìró nínú ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ń wo èdè ọwọ́. Ìyẹn ni pé ìró nìkan kọ́ ni ọpọlọ ń retí. Lójú tèmi, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló ń retí.

Ìyá àgbà tó gbé ọmọ tó ń ké, tó ń wí pé, "Ta ló nà ọ́? Ṣé bàbá ẹ ni? Jẹ́ kó dé, màá bá a wí," ò ṣeré rárá. Ó ti ka igbe yẹn sí ọ̀rọ̀, ó sì ti fèsì sí i, kí ọmọ tó ní ohunkóhun lọ́kàn láti sọ. Àárín àwọn méjèèjì ni ìtumọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbárí kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń wò.

Nítorí náà, bí ọmọ yín ò bá dáhùn sí ariwo, ẹ tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí. Bí wọ́n bá sì ní adití ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ọwọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì máa fi bá a sọ̀rọ̀.