Iye Ọ̀tọ̀, Iyì Ọ̀tọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń wo ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní rẹ́sílìn, kì í yé jiyàn lé lórí: nínú gbogbo àwọn abara-bí-ògiri wọ̀nyẹn, ta ló wúlò jù fún okòwò náà? Ẹnìkan á ní ẹni tó lágbára jù ni. Òmíràn á ní ẹni tó gba bẹ́líìtì jù ni. Èmi ò gba ti ẹnì kankan nínú wọn, nítorí wọ́n ti máa ń fẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó wọ ríǹgì. Ní ọdún 1989, àwọn aṣojú iléeṣẹ́ tí à ń pè ní WWE lónìí fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ òfin àti owó orí tó de eré ìdárayá. Nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fún olúborí ní ìṣẹ́gun, a ò lè fi ìṣẹ́gun wọn bó ṣe wúlò tó.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. Iye àti iyì jọra létí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Iye ni ohun tí a lè kà: tíkẹ́ẹ̀tì, owó, ẹ̀wù tí wọ́n ya àwòrán oníjàkadì sí. Iyì kò ṣeé kà, ènìyàn kò sì lè fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń buyì kún ni. Okòwò rẹ́sílìn ń ta iyì, ó ń gba iye. Ta wá ló ń pèsè ọjà náà?

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1987, ní pápá Silverdome ní ìlú Pontiac, ìpínlẹ̀ Michigan. Hulk Hogan gbé Andre the Giant, òmìrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ náà kéde pé 93,173 ènìyàn ló wá wòran. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí iye yẹn títí dòní. (Ó jọ pé nínú iṣẹ́ yìí, òǹkà pàápàá máa ń ṣeré.) Hogan ni gbogbo ayé ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé. Andre ní àìsàn tó ń mú kí egungun àti ẹran ara tóbi kọjá àlà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún un, ìrora ló sì fi ń rìn. Bí òmìrán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá kọ̀, tó jẹ́ kí ara òun rọ̀ sílẹ̀ bí àpò iyọ̀, ta ni yóò gbé e? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Nínú rẹ́sílìn, òwe náà dorí kodò: ẹni tí wọ́n gbé ló mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, nítorí ẹ̀yìn tirẹ̀ ni yóò kanlẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni Hogan gbé, a ò ní rántí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Andre fi kó iyì jọ káàkiri ayé kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ẹni tó wúlò jù ni ẹni tó níyì tó sì gbà láti fi sílẹ̀. Andre kú ní oṣù Kìíní ọdún 1993, ẹni ọdún 46.

Ẹ tún wo Kofi Kingston, tí wọ́n bí ní Ghana. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n iléeṣẹ́ náà ní 2008, ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n ní kó pe ara rẹ̀. Ó tó ọdún mọ́kànlá tó fi ń gbé àwọn ẹlòmíràn ga. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, ẹlòmíràn fara pa, wọ́n fi Kofi rọ́pò rẹ̀. Àwọn òǹwòran rí i, wọ́n figbe ta, wọn ò sì dákẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ó gba bẹ́líìtì àgbà lọ́wọ́ Daniel Bryan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí eré wọn bọ́ sórí ìkànnì Fox, Brock Lesnar gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó mẹ́wàá. Lójú tèmi, ìnákúnàá ni. Iyì ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ná tán kí ènìyàn tó mí sínú, kó tó mí síta.

Síbẹ̀ Kofi kò dẹ́kun fífúnni. Ní oṣù Kẹrin 2021, Tolulope Omogbehin tí wọ́n bí ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní Omos, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, bá AJ Styles gba bẹ́líìtì ẹlẹ́ni méjì-méjì. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn pé ọmọ wa ni. Ọlọ́run ló fún un ní gíga, ṣùgbọ́n gíga nìkan kì í ṣe ọjà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀ lójú gbogbo ayé kí àwa tó bẹ̀rù. Kofi àti Xavier Woods ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yẹn fún un.

Àwọn kan á ní kí ló wá kàn wá, ṣebí wọ́n ń gbowó wọn, kò sì sẹ́ni tó fipá mú wọn? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ni iléeṣẹ́ náà ń ka àwọn oníjàkadì rẹ̀ sí, kì í kà wọ́n sí òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbánigbófò ìlera kù sọ́wọ́ oníkálukú. Ẹni tí ìṣubú rẹ̀ ń gbé ọjà ró wá dà bí àlejò nínú ilé tó kọ́. Owó tí wọ́n gbà, iye ni. Ìyẹn ò dáhùn ìbéèrè iyì.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ní Kansas City, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òkè àjà gbọ̀ngàn wá sínú ríǹgì. Ohun tí wọ́n fi so ó tú, ó já bọ́, ó sì kú. Wọ́n gbé e lọ, eré ń bá a lọ. Wọ́n kéde ikú rẹ̀ fún àwọn tó ń wò nílé, wọn ò kéde fún àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, okòwò náà dáhùn ìbéèrè wa lọ́nà tirẹ̀: àwọn tó kù tó láti parí eré. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi mílíọ̀nù 18 dọ́là parí ẹjọ́ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ náà fẹ́ kọ orúkọ Owen mọ́ ti àwọn akọni tí wọ́n ń bọlá fún lọ́dọọdún. Martha, opó rẹ̀, kò gbà. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ rẹ̀ kan ń bínú sí i títí di òní, wọ́n ní ó ń fi iyì du òkú. Èmi rò pé obìnrin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá gba iyì lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ti fọwọ́ sí i pé gbèsè náà tán, òun kò sì fọwọ́ sí i. Ní 2021, ó bá AEW, tó ń bá WWE figagbága, ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa ṣe ìdíje lọ́dọọdún ní orúkọ Owen. Nígbà tí àkọ́kọ́ rẹ̀ parí ní 2022, òun fúnra rẹ̀ ló wá fi bẹ́líìtì lé àwọn tó borí lọ́wọ́.