A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dé abúlé púpọ̀ lóde òní, pàápàá àwọn abúlé agbègbè Ọ̀fadà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni Èkó ti ń na ọwọ́ sí ìhà ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́lé tà yóò wá, wọn yóò ní àwọn fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí láti kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí i. Ẹbí yóò pe ìpàdé, àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ rò ó: kí ni ó tọ́?

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n máa kọ́lé bọ̀. Èyí kì í ṣe ojúkòkòrò lásán. Níbi tí ilé bá pọ̀ sí, iná mànàmáná lè tètè dé, ilé ìwé tí ọmọ ti tán níbẹ̀ lè tún kún. Ìyá tí ń ta gaàrí yóò rí ẹni rà á lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bíríkìlà abúlé yóò sì ríṣẹ́ ṣe. Àwọn tí ń wá ilé náà, ọmọ ènìyàn ni wọ́n, owó ilé ni ó lé wọn kúrò ní Èkó. Àti pé púpọ̀ nínú wa ń gbé orí ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko ẹlòmíràn rí. Ẹni tí ó ti rí ibi sùn kò gbọdọ̀ máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó wà lóde.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a má ṣe gbà. Ilẹ̀ tí a bá tà kì í padà. Ilẹ̀ agbègbè náà ni ó sọ ìrẹsì Ọ̀fadà di olókìkí. Sìmẹ́ǹtì kì í hu ìrẹsì. Àbàtà tí a bá fi yanrìn dí, omi òjò tí ó ń gbà yóò wá ibòmíràn gbà, bóyá yàrá àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Owó ilẹ̀ sì ń tán. Ó lè má ju ọ̀kadà kan àti ìnáwó òkú kan lọ.

Òótọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣáájú: ta ni wọ́n pè sí ìpàdé náà? Lábẹ́ òfin wa, olórí ẹbí kò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Bí ó bá dá a tà, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ní ìpín nínú ilẹ̀ baba rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ní 2014, lórí ẹjọ́ ọmọbìnrin Ìgbò kan, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé àṣà tí ó bá fi ogún baba du ọmọbìnrin lòdì sí òfin Nàìjíríà. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì nínú Númérì orí 27 ti bèèrè irú ìpín bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Mósè, Ọlọ́run sì dá wọn láre. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ti lọ ilé ọkọ kì í sábà gbọ́ títí tí wọn yóò fi pín owó tán.

Ìyàwó ilé ńkọ́? Òun ni ó ń rẹ ìrẹsì sómi, tí ó ń sè é, tí ó ń sá a sóòrùn. Nítorí pé kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, wọn kì í bi í. Bí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀, owó irúgbìn ni wọn yóò fún un. Owó irúgbìn sì jẹ́ ti ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń bọ́ ènìyàn láti ọdún dé ọdún.

Ẹnì kan tún wà tí a kò lè pè, èyíinì ni ọmọ tí a kò tíì bí. Ní 1912, olóyè kan láti Odògbolú jẹ́ kí ó yé ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pé àwa tí a wà láàyè kéré púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni ilẹ̀. Àwọn òkú ń bẹ níbẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ kò sì lóǹkà.

Ṣé kí a wá lé àlejò ni? Rárá o. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń gba àlejò láìfi ebi pa ọmọ ilé. Wọ́n ń fún un ní ilẹ̀ dáko, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ sì ń jẹ́ onílẹ̀. Lónìí, ẹbí lè fi ilẹ̀ háyà fún iye ọdún kan dípò kí wọ́n tà á pátápátá. Wọ́n lè yọ àbàtà ìrẹsì sílẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ yóò dé àárín abúlé, kì í ṣe inú ògiri àwọn onílé tuntun nìkan, àti pé opó tí ń dáko níbẹ̀ yóò ní ìpín.

Èrò tiwa ni pé gbígbà lè tọ́, kíkọ̀ náà sì lè tọ́. Ìpinnu tí gbogbo ẹni tí ń jẹun lórí ilẹ̀ bá bá wọn dá sí, ìpinnu òdodo ni, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ni ó fọwọ́ sí i lóru, ilé tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, orí ìrẹ́jẹ ni wọ́n gbé e kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ abúlé, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ìgbà ìsìnkú nìkan ni ẹ óò máa délé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ìpàdé ilẹ̀ bọ́ sí. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀, kí ẹ sì fa ìyàwó ilé lọ́wọ́ dání. Bí a bá dákẹ́, wọn yóò ní a ti gbà. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti ìgboyà.