Ọdún Mélòó Ni Ọmọ Tálákà Fi Ń Jẹ́ Ọmọ?

Ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé yìí lè dàbí àwàdà létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lójú Yorùbá, ènìyàn kì í kúrò ní ọmọ níwọ̀n ìgbà tí òbí rẹ̀ bá ṣì wà láyé. Bàbá arúgbó a máa pe ẹni àádọ́ta ọdún ní 'ọmọdé yìí'. Ṣùgbọ́n òfin kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ní láti fi ọ̀pá wọn nǹkan, kí ó sì wí pé ibi báyìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi báyìí ni ó parí sí. Nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà lónìí, ọ̀pá méjì ni a fi ń wọn ọmọ. Ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1999 ni a ṣe òfin tí ó dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ṣí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ wọn mẹ́rin tí wọn kò tí ì pé ọdún 18, gbogbo wọn ni ó wà lábẹ́ ààbò kan náà. Ọ̀pá gígùn nìyẹn. Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin titun tí ó rọ́pò ti àtijọ́. Òfin yìí sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Ó ka àwọn tí ó ní lọ́kàn: ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, aláboyún, arúgbó, ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, àti tálákà, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe túmọ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Òfin rere ni, mo sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kúkúrú náà nìyẹn.

Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọmọ títí di ọdún 18. Ọmọ àgbẹ̀ jẹ́ ọmọ títí di ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀ karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, bí yóò bá wọlé rárá, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ọmọdé ni, bí kò ṣe nítorí pé bàbá rẹ̀ rí ẹ̀rí mú wá pé òun kúṣẹ̀ẹ́. Ọmọ kan ń wọlé lórúkọ ara rẹ̀, èkejì ń wọlé lórúkọ ìṣẹ́ ilé wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ju ẹlòmíràn lọ. Nínú gbogbo ọmọ tí ó jókòó níwájú mi, kò sí ọ̀kan tí kò tí ì kọjá ọdún 5. Òmùò-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ni, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì, ní ojú ọ̀nà tí ó gba Ìkọ̀lé kọjá lọ sí Kàbà. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe níhìn-ín: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kòkó, obì díẹ̀. Owó àgbẹ̀ sì ní ìgbà tirẹ̀. Láti oṣù kẹfà wọ oṣù kẹjọ, iṣu àná ti tán nínú abà, iṣu titun kò tí ì tó wà, òjò ń rọ̀, ẹ̀fọn sì ń pọ̀ sí i. Àkókò náà gan-an ni ibà ń dá ọmọdé gúnlẹ̀ jù. Ìgbà tí àìsàn pọ̀ jù àti ìgbà tí àpò gbẹ jù, ìbejì ni wọ́n.

Kí ni òbí yóò ṣe? Yóò ra horo oògùn mélòó kan ní ìsọ̀ olóògùn, yóò se àgbo, yóò sì dúró wo ọ̀la. N kò bá àgbo jà. Dídúró wo ọ̀la nítorí àìsí owó ni mo ń bá jà. Ibà tí a bá tọ́jú ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oògùn rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí ó bá di ọjọ́ karùn-ún lè ti fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára ọmọ, kí ó wá di ọ̀rọ̀ fífa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí ó di ọ̀rọ̀ wíwá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá ní Adó tàbí Ìdó. Ẹni tí kò rí owó kékeré san ni a wá ń béèrè owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà lápapọ̀, ohun tí ó ju ìdá 70 lọ nínú 100 owó tí a ń ná sórí ìlera ni ó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Iṣu tí ó yẹ kí a gbìn lọ́dún tí ń bọ̀ ni a ń tà, ilẹ̀ kòkó ni a fi ń dógò, ọmọ tí ó wà ní Fọ́ọ̀mù Kejì sì lè má padà sí kíláàsì mọ́.

Ẹnìkan lè ní, 'Ó dára, kí àgbẹ̀ náà forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tálákà.' Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Láti kọ orúkọ tálákà sílẹ̀, ìjọba a máa pe àwọn ará àdúgbò jọ kí wọ́n tọ́ka sí ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ jù láàrin wọn. Ẹni tí ó fi páànù bo ilé rẹ̀, tí ó sì ń gun ọ̀kadà tí kò tí ì san owó rẹ̀ tán, ta ni yóò tọ́ka sí i? Òun pàápàá kò ní fẹ́ kí a tọ́ka sí òun. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni àwọn baba wa wí. Òwe náà yẹ jagunjagun. Kò yẹ ọmọ ọdún méje tí ara rẹ̀ ń gbóná, nítorí ti bàbá ni ẹ̀sín, ti ọmọ ni ikú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, rí irú àwọn ará àárín wọ̀nyí: ní ọdún 1997 ni wọ́n ṣe òfin adójútòfò fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 19, tí owó òbí rẹ̀ ju èyí tí ìjọba ń pè ní ìṣẹ́ lọ, tí kò sì tó ra ààbò fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sanwó, àṣà wa ní nǹkan láti sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀ ti ka èsúsú, àáró àti ọ̀wẹ̀ ní ìlànà iṣẹ́ yín, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti há wọn sórí bí ohun kan náà tí ó ní orúkọ mẹ́ta. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Nínú èsúsú, iye tí mo bá dá ni n ó kó, kò lé, kò dín. Nínú àáró, mo bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro ó lọ́la. Gbèsè ni a ń san fún ara wa. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀; oúnjẹ ni ó fi ń ṣe àwọn ènìyàn lálejò, kò sì sí ẹni tí ó ń kọ ọ́ sórí ògiri pé lágbájá jẹ òun ní ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú èsúsú wo adójútòfò. Wọn a ní, 'Mo dá owó lọ́dún tí ó kọjá, n kò ṣàìsàn, owó mi dà?' Owó náà ti ra oògùn fún ọmọ ẹlòmíràn. Ìjọba a máa san iye kan lóṣooṣù fún ilé ìwòsàn lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ara onítọ̀hún ìbáà yá, ìbáà má yá. Bí ara púpọ̀ bá yá, ti ìwọ̀nba àwọn tí ara wọn kò yá á ṣeé gbé. Ọ̀wẹ̀ ni, tí a fi ìwé sí. Ènìyàn dá tirẹ̀, ó sì ń gbàdúrà kí òun má rí ìdí láti kó o láéláé.

Mo ti gbọ́ àtakò mìíràn, pàápàá lẹ́nu àwọn ìyá wa: wọ́n ní ẹni tí ó bá san owó àìsàn sílẹ̀ ń pe àìsàn ni. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gé ààlà iná yí oko kòkó rẹ̀ ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé iná ni ó ń pè? Ìyá tí ó gba gbẹ́rẹ́ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara ọmọ le koko, ṣé àrùn ni ó ń ránṣẹ́ sí? Àwọn baba ńlá wa kì í dúró de ibi kí wọ́n tó rúbọ.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti owó ìjọba. Olóòótọ́ ènìyàn lè wí pé àwọn tí kò tí ì pé ọdún 5 ni ikú ń pa jù, nítorí nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 ni kì í rí ọjọ́ ìbí karùn-ún ní Nàìjíríà, àti pé ibi tí iná ti ń jó jù ni a ti ń kọ́kọ́ pa á. Mo gbà. Bí ọdún 5 bá jẹ́ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní ẹjọ́. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni kí ìbẹ̀rẹ̀ di òpin. Ara ọmọ ọdún mẹ́wàá a máa yá ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, owó tí yóò ná àpò náà lọ́dún kò sì lè tó ti ọmọ ọwọ́. Àwọn tí owó wọn máa ń ga láàrin wọn ni irú ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn tí kò sí ilẹ̀ tí a ti ń bí ọmọ tí ó ní in tó Nàìjíríà. Egungun tí ń ro ọmọ náà ní ọdún mẹ́rin kò mọ̀ pé òfin ti ka ọdún márùn-ún pé.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò ríkan rí. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 ni a fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sí. Ilé ìwòsàn kò pọ̀ nígbà náà, ọ̀nà kò sì dára, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà gùn. Láti ọdún 1979 títí tí àwọn ológun fi gbàjọba ní ìparí ọdún 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tún wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ Olóyè Adékúnlé Ajásin fi ṣèjọba ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwa Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ará Gánà náà, nínú òfin wọn ti ọdún 2003, kò gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ kò lè wọlé bí òbí rẹ̀ kò bá ti forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ òbí ni ọmọ ń jẹ, wọ́n ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára òbí.

Ùlera Wa ni orúkọ tí a fún ètò yìí ní Èkìtì. Inú olùkọ́ èdè dùn pé ìjọba kò tijú láti fi ẹ̀ka-èdè wa, tí ń fi 'u' bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a wò. Ta ni a kà mọ́ 'wa' yìí, ta ni a kò kà?

Mo mọ̀ pé káàdì nìkan kì í wo ibà. Mo ti bá ìyá kan pàdé tí ó gbé káàdì rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan, tí wọ́n kọ oògùn fún un lórí ìwé kí ó lọ rà á níta. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí ti tó láti ba ètò náà jẹ́ lójú àdúgbò kan odindi. Kí oògùn wà nínú àpótí kí a tó máa kéde. Bákan náà, ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ó wá nígbà ìkórè, kí ó má ṣe wá ní oṣù keje.

Ní ti àwọn ọmọ, wíwá wọn kò ṣòro. Ní yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti Òmùò dé Ìkẹ́rẹ́, ìwé kan wà tí à ń pè ní réjísítà. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdírẹ́sì òbí rẹ̀. Kò sí òpó tí a ti ń kọ ìṣẹ́ tàbí ọrọ̀ bàbá sí. Àràárọ̀ ni a ń pè é, a sì ń fi àmì sí iwájú ẹni tí kò wá. Bí àwọn olùforúkọsílẹ̀ bá dé, ìwé náà wà níbẹ̀ fún wọn láti dà kọ.